Jẹjẹrẹ Itan Mi àti Àwọn Nọ́ńbà Inú Ẹ̀jẹ̀

Mo ń kọ ìwé yìí fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kókó tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe eéwo, tí ó di ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mú lọ́wọ́, tí ó sì ń wá iye ọdún tó kù fún un láàrin àwọn nọ́ńbà orí rẹ̀. Mo mọ bí ìwákiri yẹn ṣe ń rí, nítorí mo ti ṣe é. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ti mọ́ mi lára láti gbà pé ibi tí nọ́ńbà bá wà ni òtítọ́ wà. Àìsàn yìí ló jẹ́ kí n rí i pé ìṣirò lè pé láìsí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ kí ó má dáhùn ìbéèrè tí ènìyàn ń béèrè.

Ẹ̀yìn itan òsì mi ni kókó náà ti yọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án níbi tí mo ti ń wẹ̀, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò mi lọ, kò dùn mí, kò gbóná, kò sì dí mi lọ́wọ́ láti dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìyàwó mi ní kí n lọ fi han dókítà, ṣùgbọ́n gbogbo àgbà tó fọwọ́ kàn án ní àdúgbò wa ló ní kókó ọ̀rá lásán ni, wọ́n sì dárúkọ ẹni yìí àti ẹni yẹn tó ti gbé irú rẹ̀ kiri fún ọdún gbọọrọ láìsí wàhálà. Wọn kò parọ́, nítorí kókó ọ̀rá tí kò léwu wọ́pọ̀ fíìfíì ju jẹjẹrẹ lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ni àwọn àmì tó yẹ kó mú ènìyàn dìde kíá: kí kókó tóbi ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí ó máa dàgbà sí i, kí ó wà ní ìsàlẹ̀ inú ẹran dípò abẹ́ awọ, kí ó máa dunni, tàbí kí ó tún hù padà lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e. Èyí tó bá ní ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, kò yẹ kí ọ̀bẹ kàn án kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ yàwòrán inú rẹ̀. Bí kò bá sì dunni, ìyẹn kò sọ pé kò léwu; ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹran ara ni kì í dunni níbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí tèmi tóbi débi pé ṣòkòtò ń fún mi níbẹ̀, mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Wọ́n gún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kí n má baà mọ ìrora, wọ́n gé e, wọ́n rán an, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Wọn kò ya àwòrán kankan ṣáájú, wọn kò sì fi ohun tí wọ́n gé ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kò pẹ́ tí ojú abẹ náà fi kẹ̀, tí ó ń ṣọyún. Wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò, wọ́n sì ń gún mi ní dexamethasone kí ẹsẹ̀ tó wú lè fà. Ẹ fi orúkọ oògùn yẹn sọ́kàn. Ẹnìkan tilẹ̀ gbà mí níyànjú pé kí n jẹ́ kí ọyún náà máa jáde, pé àìsàn gan-an ló ń bá a jáde. Kí egbò náà tó jiná, kókó mìíràn ti ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní láti dúró níbí díẹ̀. Bí wọ́n bá gé ohunkóhun lára yín, bó ti wù kó kéré tó, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi sínú formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, kí ẹ san owó àyẹ̀wò rẹ̀, kí ẹ sì padà lọ gba èsì. Jẹjẹrẹ tí wọ́n gé láìmọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ó sábà máa ń kù sílẹ̀ nínú ara, iṣẹ́ abẹ kejì sì máa ń gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ní ìlú Èkó ni wọ́n ti wá fi ẹ̀rọ MRI wo itan mi, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ oníhò yọ díẹ̀ nínú kókó náà. Dókítà sọ fún mi pé òun fura sí sarcoma. Orúkọ tí wọ́n ń pe jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹran, ọ̀rá, iṣan tàbí egungun nìyẹn. Èyí tó ń mú ẹran ara, tí ó yàtọ̀ sí ti egungun, kò ju bí 1 lọ nínú 100 jẹjẹrẹ àwọn àgbàlagbà, ẹ̀yà rẹ̀ sì lé ní 50, ìdí nìyẹn tí dókítà lè ṣiṣẹ́ pẹ́ títí kí ó má rí ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò ohun tí wọ́n yọ yẹn máa gba àkókò. Èsì ẹ̀jẹ̀ mi ní tirẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà, mo sì gbé e padà sí Ẹ̀pẹ́ nínú ọkọ̀, mo ń kà á ní gbogbo ojú ọ̀nà Ìtòìkín.

Ìwé FBC ni, èyí tí wọ́n fi ń ka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú àwọn àyẹ̀wò díẹ̀ mìíràn tí wọ́n fi kún un. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹ̀jẹ̀ lè sọ bí jẹjẹrẹ ẹran ara yóò ṣe parí. Mo rí i pé àwọn olùwádìí ní Austria, Japan, Kòríà àti ibòmíràn ti ṣiṣẹ́ lórí ìbéèrè yẹn gan-an. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi iye lymphocyte pín iye neutrophil. Neutrophil ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń kọ́kọ́ sáré dé ibi tí ara bá ti bó tàbí tí kòkòrò bá ti wọlé. Lymphocyte ni èyí tó ń dá ọ̀tá mọ̀, àwọn kan nínú wọn sì máa ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ tó bá ń dá rúgúdù sílẹ̀ nínú ara lè mú kí neutrophil pọ̀, kí lymphocyte sì dín kù, ìwádìí púpọ̀ ló sì fi hàn pé àwọn tí ìpín yìí ga lára wọn ṣáájú iṣẹ́ abẹ kì í sábà pẹ́ tó àwọn tí tiwọn wà nílẹ̀. Wọ́n rí ohun tó jọ ọ́ nípa CRP tó ga àti albumin tó lọ sílẹ̀ (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn méjèèjì), àti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó.

Ìmọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Rudolf Virchow, oníṣègùn ará Jámánì, ti sọ ní 1863 pé òun ń rí sẹ́ẹ̀lì funfun nínú àwọn kókó jẹjẹrẹ, pé ó ní láti jẹ́ pé ibi tí ara ti ń wú tí ó sì ń gbóná fún ìgbà pípẹ́ ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. CRP fúnra rẹ̀, èròjà tí ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá ń jà, Tillett àti Francis ló kọ́kọ́ rí i ní New York ní 1930, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń ṣe. Bí mo bá ti fara balẹ̀ ronú lórí gbólóhùn yẹn nígbà náà ni, n bá ti yọ ara mi nínú ìpayà: àwọn tí òtútù àyà ń ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára wọn, kì í ṣe àwọn tí jẹjẹrẹ ń ṣe. Àmì pé ara ń jà ni, kì í sọ ẹni tí ara ń bá jà.

Neutrophil mi jẹ́ 7.9, lymphocyte mi jẹ́ 1.3. Mo pín in, ó lé díẹ̀ ní 6. Nínú gbogbo ìwádìí tí mo kà lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ààlà kankan tí 6 kò ré kọjá. Ohun kan ṣoṣo tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni CRP, nítorí 4.2 ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo sì ti kà pé 10 ni ààlà.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń kọ ìṣirò fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n inú mi ti pa ìwé náà dé. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n wá gba èsì kókó, n kò lọ, nítorí mo rò pé mo ti mọ ohun tí yóò sọ. Mo lọ gba owó tí mo ń dá sí kọpurétíìfù, owó tó yẹ kó wà fún ìtọ́jú, mo sì fi apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú. Oúnjẹ kò wọ̀ mí mọ́. Ìyàwó mi ló rí ìwé ẹ̀rí owó náà nínú àpò mi. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá Ṣèyí, ta ló sọ fún yín pé ẹ ń lọ?" N kò rí orúkọ dókítà kankan dá fún un. Nọ́ńbà kan tí mo fúnra mi ṣírò lórí bẹ́ẹ̀dì ni.

Òun ló pe àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Ìkòròdú. Àbúrò mi dé ní ọjọ́ kejì, ó gba ìwé náà, kò sì wo nọ́ńbà kankan kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ wo ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yìí? Ṣé egbò itan yín ṣì ń ṣọyún lọ́jọ́ náà? Oògùn wo ni ẹ ń lò?" Nígbà tí mo dárúkọ dexamethasone, ó mi orí. Ó ṣàlàyé pé oògùn yẹn nìkan tó láti gbé neutrophil sókè kí ó sì rẹ lymphocyte sílẹ̀, àní lára ẹni tí jẹjẹrẹ kò tíì fẹ́ sí, àti pé egbò tó ń ṣọyún ń ṣe ohun kan náà. Ó wá fi ìka kan ibi tí wọ́n kọ CRP sí. Ìwọ̀n mg/dL ni ilé àyẹ̀wò náà lò. Mg/L ni ti àwọn ìwé tí mo kà. 4.2 tí mo ń fi tu ara mi nínú, 42 ni ní ìwọ̀n yẹn. Èyí tí mo rò pé ó dára ga, èyí tí mo rò pé ó fẹ́ pa mí kò ní ìtumọ̀ tí mo fún un, orísun kan náà ló sì lè ti mú àwọn méjèèjì ga: egbò tí wọ́n dá sí mi lára.

Ó jẹ́ kí egbò náà jiná pátápátá, kí abẹ́rẹ́ dexamethasone sì ti kúrò lára mi tipẹ́, ó ní kí n ṣe àyẹ̀wò ibà kí a lè mọ̀ pé kò sí, kí ó tó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Neutrophil di 3.4, lymphocyte di 2.0, CRP di 6 mg/L. Ìpín tó lé ní 6 ti di 1.7. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tó wà nídìí èyí dáadáa: kókó náà kò tíì kúrò nínú itan mi. Ó tilẹ̀ ti tóbi sí i láàrin ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì.

Ayọ̀ mi kọjá ààlà, ayọ̀ yẹn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí ní ibi. Nígbà tí mo padà lọ bá dókítà oníṣẹ́ abẹ, mo gbé ìwé tuntun náà fún un, mo sì béèrè bóyá kí a kàn máa ṣọ́ kókó náà. Ó fi ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ṣí èsì kókó tí n kò wá gbà láti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Tíṣà, èyí ni ẹ ò bá ti kọ́kọ́ kà." Ìpele kejì nínú mẹ́ta ni jẹjẹrẹ mi. Ó ṣàlàyé bí àwọn tó ń yẹ ẹran wò lábẹ́ maikirosíkóòpù ṣe ń dé ibẹ̀ nípa ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní FNCLCC, tó ti ilẹ̀ Faransé wá: wọ́n á fún un ní máàkì 1 sí 3 lórí bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe jọ ti ẹran tó ti wá, 1 sí 3 lórí bí wọ́n ṣe ń pín sí méjì tó, àti 0 sí 2 lórí bí apá tó ti kú nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 2 tàbí 3, ìpele kìn-ín-ní ni. 4 tàbí 5, ìpele kejì. 6 sí 8, ìpele kẹta, èyí tó le jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni bí ó ṣe tóbi tó, pẹ̀lú ààlà ní sẹ̀ǹtímítà 5, 10 àti 15, lẹ́yìn náà bóyá ó ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró, àti bóyá oníṣẹ́ abẹ yóò lè gé e tán pẹ̀lú ẹran tó mọ́ yí i ká. Nínú ìlànà AJCC, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ń mọ ibi tí jẹjẹrẹ ẹran ara ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dé, kò sí nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ kankan. Ìpín 1.7 kò sọ ìpele kejì di ìpele kìn-ín-ní.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo wá rí nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí nígbà tí mo fi ọkàn tó balẹ̀ tún wọn kà, nítorí ìṣirò ni iṣẹ́ mi, ó sì dùn mí pé n kò rí i nígbà tí ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe nípa ṣíṣí fáìlì àtijọ́ àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n sì ń wo ẹni tó kú àti ẹni tó wà láàyè. Lẹ́yìn tí èsì ti wà nílẹ̀ ni wọ́n tó wá ààlà tó pín àwọn méjèèjì dáadáa jù. Ó dà bí olùkọ́ tó ti rí máàkì gbogbo kíláàsì tán kí ó tó pinnu iye tí wọ́n máa fi yege. Ìdí nìyẹn tí ààlà ìpín náà fi jẹ́ nǹkan bí 2 nínú ìwádìí kan, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 nínú òmíràn. Kíláàsì mìíràn, ààlà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tí mo tún bá pàdé nínú àwọn ìwádìí náà, pé ewu ikú di ìlọ́po méjì fún ẹni tí ìpín rẹ̀ ga, nílò àlàyé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ohun tó yé mi ni pé ọdún tí mo máa lò ti di ìdajì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tí mo kàn mú wá fún àpẹẹrẹ ṣe é: bí ènìyàn 10 nínú 100 bá kú láàrin ọdún 5 ní apá tó dára, tí ó sì jẹ́ 20 ní apá tí kò dára, ìlọ́po méjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn 80 ṣì wà láàyè ní apá tí a ń bẹ̀rù yẹn, kò sì sí ohun kankan nínú ìpín ẹ̀jẹ̀ wọn tó lè fi ẹni tó wà nínú 80 hàn yàtọ̀ sí ẹni tó wà nínú 20. Nípa àwùjọ ni nọ́ńbà náà ń sọ̀rọ̀. Ó wúlò fún olùwádìí tó fẹ́ mọ irú àwọn ènìyàn tó yẹ kí a túbọ̀ máa ṣọ́. Èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, n kì í ṣe àwùjọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa gan-an, àbúrò mi ló là á yé mi, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka ìwádìí ilẹ̀ òkèèrè mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wa. Àìní rẹ̀ ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ẹ̀yà ibà kan tí wọ́n ń pè ní vivax, ó sì tún ń mú kí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ wa máa kéré sí ti àwọn ará Yúróòpù, láìsí pé a ṣàìsàn. Nítorí náà, bí a bá gbé ààlà tí wọ́n fà ní Yúróòpù tàbí Japan ka orí ẹni tí a bí ní Ẹ̀pẹ́, ìpín rẹ̀ lè wà nílẹ̀ nítorí bí Ọlọ́run ṣe dá a, tí òun á sì rò pé jẹjẹrẹ rẹ̀ rọrùn. 1.7 tèmi náà lè ní irú ìyẹn nínú. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, àwọn nǹkan tó wọ́pọ̀ láàrin wa máa ń yí àwọn nọ́ńbà yìí po: ibà máa ń fa platelet, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wálẹ̀, ó sì máa ń gbé CRP sókè, kòkòrò HIV máa ń dín irú àwọn lymphocyte kan kù, iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ máa ń gbé CRP sókè fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀rọ náà yẹ ní wíwò. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kéékèèké ní àwọn ìlú wa ló ń lo ẹ̀rọ tó ń pín sẹ́ẹ̀lì funfun sí mẹ́ta péré, tí ẹ máa rí LYM, MID àti GRAN lórí ìwé wọn. GRAN kì í ṣe neutrophil nìkan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń pọ̀ nígbà tí aràn bá wà nínú tàbí tí nǹkan bá ń yún ara lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi LYM pín GRAN ti ṣe ìṣirò ohun mìíràn. Bí ó bá jẹ́ dandan kí a fi ẹ̀jẹ̀ oṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá, kí ó jẹ́ láti ilé àyẹ̀wò kan náà, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n tí wọ́n lò sí iwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Nínú gbogbo àwọn àmì ẹ̀jẹ̀ tí mo kà nípa wọn, méjì péré ni dókítà mi bá mi sọ̀rọ̀ lé lórí tọkàntọkàn, nítorí pé ohun kan wà tí a lè ṣe sí wọn kí wọ́n tó gbé mi lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Èkíní ni PCV, ìyẹn iye tí sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́ nínú 100 apá ẹ̀jẹ̀. Tèmi ti lọ sílẹ̀ sí 29, mo sì ti ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú àti àgbo tí ìyá ìyàwó mi ń sè, láìsí ìyàtọ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí ara bá ń jà fún ìgbà pípẹ́, irin lè wà nínú ara kí ara sì tì í mọ́lé, kí ó má fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó mọ èyí tí yóò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n dá àgbo dúró, nítorí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín mi sì ní iṣẹ́ níwájú. Ìyá wa bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi dé ilé ìwòsàn, tí dókítà sì fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn, wọ́n gbà.

Èkejì ni albumin, èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Gbogbo ẹni tó bẹ̀ mí wò ló ní kí n máa jẹ ẹja àti ẹyin kí albumin lè ga, Ẹ̀pẹ́ sì ni a wà, a kò ṣaláìní ẹja. Mo jẹ ẹ́. Ó sì dára kí ẹni tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n albumin kì í fò sókè láàrin ọ̀sẹ̀ kan nítorí oúnjẹ. Nǹkan bí ọjọ́ 20 ni ìdajì èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ fi máa ń lò kí ó tó lọ, bí ara bá sì ń jà, ẹ̀dọ̀ máa ń fi ṣíṣe rẹ̀ sílẹ̀ láti ṣe àwọn èròjà bíi CRP. Tèmi kò gòkè àfi ìgbà tí egbò jiná. Mo sọ èyí nítorí mo ti rí ẹni tí àwọn ẹbí ń bá jà pé kò jẹun tó, tí wọ́n sì ń fi àbájáde ìwé albumin hàn án bí ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù tó kù nínú mi ni pé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ mi. Dókítà sọ fún mi pé láti 1982 ni àwọn oníṣègùn National Cancer Institute ní Amẹ́ríkà ti tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 43 tí jẹjẹrẹ ẹran ara wà ní ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn: àwọn kan ni wọ́n gé apá náà kúrò, àwọn yòókù ni wọ́n yọ jẹjẹrẹ nìkan tí wọ́n sì fi ìtànṣán tẹ̀ lé e, àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún kò sì tètè kú ju àwọn tí wọ́n gé lọ. Wọ́n yọ tèmi pẹ̀lú ojú àpá àtijọ́ àti ẹran tó yí i ká, mo sì gba ìtànṣán lẹ́yìn ìgbà tí ojú abẹ ti jiná, ní ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Ìdí-Àràbà ní 2019. Awọ itan mi dúdú, ó le, orúnkún kò sì ká tó bí ó ṣe ń ká tẹ́lẹ̀. Owó kọpurétíìfù tí mo ti ná ló jẹ́ kí a tọrọ lọ́wọ́ ẹbí kí ìtànṣán náà tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tó ìyẹn.

Ní báyìí, ohun tí wọ́n ń ṣọ́ lára mi ni ojú àpá àti ẹ̀dọ̀fóró, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ni irú jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni àárín ìbẹ̀wò ní ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún títí di ọdún karùn-ún. Wọ́n máa ń fọwọ́ tẹ itan, wọ́n sì máa ń yàwòrán àyà. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀, n kì í pín nọ́ńbà kankan mọ́.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pè mí láti Àgbádárìgì. Wọ́n rí kókó ní ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó sì ti ka ohun tí mo kà. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń pe àwọn nọ́ńbà náà fún mi. Mo ní kí ó dá mi lóhùn ná: ṣé ọmọ náà ní ibà tàbí egbò lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, oògùn wo ló ń lò, ṣé neutrophil ni wọ́n kọ àbí GRAN, kí ni wọ́n kọ sí iwájú CRP? Ó ní ibà ni wọ́n tilẹ̀ fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Mo wá béèrè ohun tí èsì kókó náà sọ nípa ìpele rẹ̀. Ó ní wọn kò tíì yọ ohunkóhun nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà. Mo sọ fún un pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e, kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n ti lè ya àwòrán rẹ̀ kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ yọ díẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, a sì jọ fi ìyókù àkókò ìpè náà ṣètò bí wọ́n ṣe máa rí owó ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n máa sùn sí ní Èkó.